Ta Ló Mọ Ọ̀rọ̀ Aṣínà Tẹlifóònù Ọ́fíìsì Yín?

Ẹ pe ọ́fíìsì kan ní Ring Road Central, ní Accra, ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán. Akọ̀wé ti jáde lọ ra kenkey, ọ̀gá wà nípàdé. Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e, àfi ohùn kan tó kí yín, tó ní kí ẹ fi orúkọ àti nọ́ńbà yín sílẹ̀ tí ẹ bá ti gbọ́ ìró. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń já a lójú ẹsẹ̀. Owó ìpè ti ń lọ láti ìgbà tí ohùn yẹn ti dáhùn, nítorí pé lójú ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, ẹ̀rọ tó gbé fóònù àti èèyàn tó gbé e kò yàtọ̀. Ẹni tó ń ra kírẹ́díìtì díẹ̀díẹ̀ kò sì fẹ́ kí ẹ̀rọ jẹ ẹ́ lówó. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí fláàṣì (kí èèyàn pe ẹnì kan, kó sì já a kí onítọ̀hún tó gbé e) gbilẹ̀ láti Accra títí dé Èkó. Òun náà ló sì jẹ́ kí ohùn WhatsApp, tó dé lọ́dún 2013, di ohun tí tọmọdé tàgbà ń lò.

Síbẹ̀, èmi ò gbà pé voicemail ọ́fíìsì ti di ohun àtijọ́. Oníbàárà tó bá fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp òṣìṣẹ́ yín, orí fóònù òṣìṣẹ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ọjọ́ tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀, tàbí tí fóònù rẹ̀ bá sọnù, ọ̀rọ̀ oníbàárà ti bá a lọ nìyẹn. Èyí tó bá wà nínú àpótí ohùn ọ́fíìsì, ti ọ́fíìsì ni. Ẹni tó bá gba ipò òṣìṣẹ́ náà á bá a níbẹ̀, á gbọ́ ọ, á sì pe oníbàárà padà. Ohun tó ń ba voicemail jẹ́ lọ́dọ̀ wa kì í ṣe ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Wọ́n á gbé e wá, wọ́n á gbé e kọ́ ara ògiri, fóònù á dún, wọ́n á sanwó fún oníṣẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò sẹ́ni tó jókòó tò ó.

Àpótí tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri yẹn ni wọ́n ń pè ní PBX, bó tilẹ̀ jẹ́ pé intercom ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe tuntun ní Accra. Ọdún 1892 ni wọ́n gbé ilé ìsopọ̀ tẹlifóònù àkọ́kọ́ kalẹ̀ nílùú náà. Ilà 70 péré ló ní, èèyàn ló sì ń fọwọ́ so wáyà ẹni tó ń pè mọ́ ti ẹni tí wọ́n ń pè. PBX ń ṣe iṣẹ́ yẹn gan-an fún ọ́fíìsì kan ṣoṣo. Apá kan rẹ̀ kọjú sí ìgboro. Ibẹ̀ ni ilà ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ń bá wọlé, ìbáà jẹ́ wáyà bàbà tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0302, ìbáà jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbáà jẹ́ káàdì SIM tí wọ́n ki bọ àpótí kékeré kan. (Tí ẹ bá rí pátákó ọ́fíìsì tó ṣì ní 021 lára, ó ti pẹ́ níbẹ̀: oṣù Karùn-ún ọdún 2010 ni wọ́n yí i padà.) Apá kejì kọjú sínú ilé, níbi tí fóònù orí tábìlì kọ̀ọ̀kan ti ní nọ́ńbà abẹ́lé tirẹ̀: 101 fún akọ̀wé, 102 fún ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ilà tó ń wọlé lè jẹ́ mẹ́ta péré nígbà tí fóònù inú ilé jẹ́ ogún. Ohun tí PBX wà fún gan-an ni kí ogún èèyàn lè pín ilà mẹ́ta lò láìjà.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ìpè kan wọlé. Akọ̀wé gbé e ní 101, ó sì fi ránṣẹ́ sí 104, ẹni tó ń bójú tó ẹrù tó ń gúnlẹ̀ ní Tema. Bí 104 ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dún ni PBX bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò. Tí ó bá pé ìṣẹ́jú àáyá 20, tàbí iye yòówù tí ẹ bá kọ sí i, tí kò sì sẹ́ni tó gbé e, PBX á fa ìpè náà kúrò lórí 104, á gbé e fún voicemail. Voicemail kò mọ ẹni tí oníbàárà ń wá. PBX ló gbọ́dọ̀ sọ fún un. Nínú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, PBX á kọ́kọ́ tẹ 1, 0, 4 sí voicemail létí kó tó so oníbàárà mọ́ ọn. Nínú àwọn tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà náà wà lára ìsọfúnni tó ń ṣáájú ìpè. Ibí yìí gan-an ni ìtòlẹ́sẹẹsẹ ti sábà máa ń wọ́. Tí oníṣẹ́ bá gbàgbé láti jẹ́ kí PBX sọ nọ́ńbà yẹn, voicemail á kàn kí oníbàárà gẹ́gẹ́ bí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, á ní kó tẹ nọ́ńbà ẹni tó ń wá. Oníbàárà tí akọ̀wé ti dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan kò mọ nọ́ńbà kankan. Á já fóònù, ẹ ò sì ní mọ̀ láéláé pé ó pè.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ bọ́tìnnì tí èèyàn tẹ̀? Ìró ni. Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń dún ní ohùn méjì pa pọ̀, ọ̀kan fún ìlà tó wà ní ìbú, ọ̀kan fún èyí tó wà ní òró. Tí ẹ bá tẹ 5, hertz 770 àti hertz 1336 ló ń dún lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ní méjì ni, wọ́n sì yan iye tí ọ̀kan kì í ṣe ìlọ́po èkejì, nítorí pé ọ̀fun èèyàn ṣọ̀wọ́n kó pe irú méjì bẹ́ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè máa sọ̀rọ̀ sínú voicemail, kí ẹ̀rọ má ṣì í gbọ́ pé ó tẹ bọ́tìnnì.

Ohùn tí oníbàárà bá fi sílẹ̀ kì í wọ inú ẹ̀rọ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rọ á wọn gíga ìgbì ohùn náà ní ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bíi nọ́ńbà. Ní ìwọ̀n yìí, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan gba nǹkan bíi kílóbáìtì 480. Ọ̀nà ìfúnpọ̀ tí wọ́n ṣe fún fóònù GSM lè rọ̀ ọ́ sílẹ̀ dé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún, ohùn náà á kàn hó díẹ̀. Gígábáìtì kan péré lè gba ohun tó ju wákàtí 30 lọ láìfún un pọ̀ rárá. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ lọ ra disk ńlá nítorí voicemail, ẹ bi í léèrè dáadáa.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń yà mí lẹ́nu nígbàkúùgbà tí mo bá rò ó. Ilà tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ohùn tó bá wà nísàlẹ̀ hertz 300 kọjá. Bẹ́ẹ̀, ohùn ìpìlẹ̀ ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ sábà máa ń wà láàárín 100 sí 150, orí ohùn yẹn sì ni àmì òkè àti ìsàlẹ̀ èdè Yorùbá dúró lé. Ó yẹ kí a máa ṣi ara wa gbọ́ lórí fóònù nígbà náà: ọkọ́ àti ọkọ̀ ì bá dọ́gba. Ṣùgbọ́n ohùn èèyàn kì í dá wá. Àwọn ìlọ́po rẹ̀, 300, 400, 500 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ń bá a wọlé, etí wa sì ń fi àlàfo tó wà láàárín wọn ṣírò èyí tí wáyà gé kúrò. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni èdè Yorùbá, Gã, Twi àti Ewe, tí gbogbo wọn ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀, fi ń yè nínú ẹ̀rọ tí wọ́n kò rò tiwọn mọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ẹ má bẹ̀rù láti fi èdè oníbàárà yín kí i lórí voicemail.

Tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ àpótí, iná kékeré kan á tàn lára fóònù 104, tàbí kí ìró tó máa ń dún tí ẹ bá gbé fóònù sétí máa gé wẹ́kẹwẹ̀kẹ. Ẹni tó ni àpótí á pe nọ́ńbà voicemail, á tẹ PIN rẹ̀, á sì gbọ́ ọ.

Ó ku bí wọ́n ṣe ń tò ó. Lára àwọn PBX tó wọ́pọ̀ ní ọ́fíìsì kéékèèké lọ́dọ̀ wa, Panasonic KX-TES824 jẹ́ ọ̀kan. Ilà ìta mẹ́ta àti fóònù abẹ́lé mẹ́jọ ló ní láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, a sì lè fi káàdì kún un títí yóò fi di ilà mẹ́jọ àti fóònù 24. Ìtò rẹ̀ kò gba kọ̀ǹpútà dandan. Ẹ so fóònù Panasonic tó ní ojú ìkọ̀wé mọ́ ihò àkọ́kọ́ lára àpótí náà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì PROGRAM, ẹ tẹ ìràwọ̀, ẹ tẹ #, kí ẹ wá tẹ 1234. Ojú fóònù á béèrè nọ́ńbà ètò tí ẹ fẹ́. Ẹ tẹ 000, ọjọ́ àti aago á jáde. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn dáadáa. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ilé-iṣẹ́ fi sí i látilẹ̀, tó wà nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè kà, ló ṣí gbogbo tẹlifóònù ọ́fíìsì yín sílẹ̀. Tí 1234 bá ṣì ń ṣí i lónìí, ẹni tó bá jókòó sídìí fóònù yẹn fún ìṣẹ́jú márùn-ún lè darí ìpè ọ̀gá síbi tó bá wù ú.

Àwọn tó ń lo Asterisk, èyí tí Mark Spencer bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1999 ní ìpínlẹ̀ Alabama, tàbí FreePBX tí wọ́n kọ́ lé e lórí, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń tò ó. Ohun tí wọ́n ń tò kò yàtọ̀: àpótí ohùn fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, PIN rẹ̀, orúkọ ẹni tó ni ín, àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀. Ìkíni tó bá Asterisk wá, ohùn obìnrin ará Kánádà kan tó ń jẹ́ Allison Smith ni. Ohùn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ ọ́fíìsì yín. Ẹ fi ohùn ẹni tiyín rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó kúrú. Ẹni tó ń pè ló ń sanwó fún ìkíni gígùn yẹn. Ẹ dárúkọ ọ́fíìsì, ẹ sọ ìgbà tí ẹ máa pè é padà, ẹ jẹ́ kó sọ tirẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí aago. Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ aago PBX ló ń pinnu ìgbà tí ọ́fíìsì ṣí àti ìgbà tó tì. Aago Accra fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Èkó. Iléeṣẹ́ tó ní ẹ̀ka ní ìlú méjèèjì, tí oníṣẹ́ rẹ̀ da ìtò ti Èkó kọ bó ṣe rí, á máa sọ fún oníbàárà ní Accra pé ọ́fíìsì ti tì láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ṣì wà lórí àga. Fóònù ò sì ní dún rárá, débi tí ẹnì kan á fi fura.

Ímeèlì ni mo gbà pé ó dára jù nínú gbogbo àǹfààní voicemail. Ẹ̀rọ á so ohùn náà mọ́ ímeèlì, á fi ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́, ìbáà wà ní Tema tàbí ní Kumasi. Ṣùgbọ́n ẹ wo àpótí kékeré kan tí wọ́n ń fi àmì sí lójú ìwé yẹn, èyí tó ní kí ẹ̀rọ pa ọ̀rọ̀ rẹ́ tó bá ti fi í ránṣẹ́. Ẹ má ṣe fi àmì sí i. Tí ímeèlì kò bá dé, ọ̀rọ̀ oníbàárà ti parẹ́ níhìn-ín, kò sì sí lọ́hùn-ún.

Àwọn tó ṣì ń lo wáyà bàbà ní ìṣòro kan tó jẹ́ tiwọn. Nígbà tí oníbàárà bá já fóònù, voicemail gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó ti lọ. Àwọn ilé ìsopọ̀ kan máa ń gé iná orí wáyà fẹ́rẹ́ láti fi sọ ọ́. Àwọn mìíràn kàn ń fi ìró tuu-tuu ránṣẹ́, ìró yẹn sì yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ẹ̀rọ tí wọ́n tò fún Amẹ́ríkà lè má dá ìró tibí mọ̀. Á máa gba tuu-tuu sílẹ̀ títí àyè á fi tán, ilà yẹn á sì dí fún gbogbo ẹlòmíràn tó ń pè. Tí àpótí ohùn yín bá kún fún tuu-tuu, ẹ má bínú sí oníbàárà. Ẹ ní kí oníṣẹ́ yí orílẹ̀-èdè inú ẹ̀rọ padà, kó kọ́ ọ ní ìró ìparí ìpè ti ilà yín, kó sì fi òpin ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ti iná ńkọ́? Ẹni tó gbé ní Ghana láàárín ọdún 2012 sí 2015 kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé dumsor, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, fún un. PBX nílò UPS tirẹ̀, àmọ́ ẹlòmíràn á gbé UPS sídìí PBX, á gbàgbé ráútà àti switch tí fóònù ń gba iná lára rẹ̀. PBX á wà láàyè, gbogbo fóònù á kú. Ẹ fi gbogbo wọn sórí bátìrì kan náà, kí ẹ sì pa iná ilé lọ́jọ́ kan láti wò ó bóyá ìpè ṣì ń wọlé.

Gbogbo èyí ṣe é tún ṣe tó bá bàjẹ́. Olè ni kò ṣe é tún ṣe. Olè tẹlifóònù kì í wọ ọ́fíìsì. Òru Sátidé ló máa ń pè, nígbà tí kò sẹ́ni níbẹ̀, láti ilẹ̀ òkèèrè. Voicemail á dáhùn, olè náà á yan àpótí 104, á dán 1234 wò, á dán 0000 wò, á dán 104 fúnra rẹ̀ wò. Tó bá wọlé, ọ̀rọ̀ oníbàárà yín kọ́ ló ń wá. Ọ̀pọ̀ voicemail ló ń jẹ́ kí ẹni tó ni àpótí pe ẹni tó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ padà láti inú ẹ̀rọ, kí ìpè náà sì gba ilà ọ́fíìsì jáde. Àǹfààní mìíràn tún wà tó ń jẹ́ DISA, tí wọ́n ṣe kí ọ̀gá tó wà níta lè pe ọ́fíìsì, kó sì tún ti ibẹ̀ pe ibòmíràn. Ọ̀nà méjèèjì yìí ni olè ń gbà. Á máa fi ilà yín pe nọ́ńbà olówó gọbọi nílẹ̀ òkèèrè, nọ́ńbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pín owó rẹ̀, láti òru Sátidé títí di àárọ̀ Mọ́ńdè. Bíìlì ni ẹ máa fi mọ̀, ọ́fíìsì yín ni wọ́n á sì ní kó san án, nítorí pé orí ilà yín ni ìpè ti jáde.

PIN tí kò sẹ́ni tó yí padà ti fa ohun tó ju bíìlì lọ. Ní Britain, àwọn oníròyìn ìwé ìròyìn News of the World ń wọ voicemail àwọn ẹlòmíràn, tí wọ́n ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. PIN tí ilé-iṣẹ́ fi sí i látilẹ̀ wà lára ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọlé. Wọ́n ju ọ̀kan nínú àwọn oníròyìn náà àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan sẹ́wọ̀n lóṣù Kìíní ọdún 2007. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tú síta ní oṣù Keje ọdún 2011, ìwé ìròyìn náà, tó ti wà láti ọdún 1843, kógbá sílé. Ghana náà ní òfin tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn tó bá wà ní ìkáwọ́ yín: òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2012, Act 843. Ohùn oníbàárà, orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ohun tí òfin yẹn ń sọ.

Ààbò voicemail kò gba owó. Ẹ pa DISA tí ẹ kì í bá lò ó. Ẹ pa pípe-padà láti inú voicemail. Ẹ ti 00, tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà ìpè sílẹ̀ òkèèrè, mọ́ gbogbo fóònù tí iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà á, kí ẹ sì tì í mọ́ gbogbo wọn pátápátá lóru àti lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ fún àpótí kọ̀ọ̀kan ní PIN oní nọ́ńbà mẹ́fà tí kì í ṣe nọ́ńbà fóònù náà. Ọ̀pọ̀ PBX ló lè ṣe àkọsílẹ̀ ìpè: ẹni tó pè, nọ́ńbà tó pè, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó. Kí ẹnì kan máa kà á láràárọ̀ Mọ́ńdè kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ọ̀rọ̀ aṣínà àgbà, èyí tó ń ṣí gbogbo ẹ̀rọ, kò gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ nìkan. Mo mọ àwọn ọ́fíìsì tí oníṣẹ́ wọn ti kó lọ sí ìlú mìíràn, tí kò sì sẹ́ni tó lè yí ìkíni ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta padà lẹ́yìn tí ayẹyẹ òmìnira Ghana ti kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra PBX, tàbí tí ẹ ti ní in, ẹ pe ẹni tó bá yín gbé e kọ́ tàbí tó máa bá yín gbé e kọ́. Ẹ ní kó yí ọ̀rọ̀ aṣínà náà padà lójú yín, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó ṣe ẹ̀dà kan rẹ̀ tí ẹ máa fi pamọ́, kó fi ìwé náà sínú àpò ìwé, kó lẹ̀ ẹ́ pa, kí ọ̀gá sì tì í mọ́ inú àpótí irin. Ẹ má san owó tó kù fún un títí yóò fi ṣe é.